Kí Ẹ Tó Tọwọ́ Bọ̀wé: Bí A Ṣe Ń Yẹ Iṣẹ́ Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì Wò ní Àwọn Ìlú Kéékèèké Ṣáínà

Bí wọ́n bá fi iṣẹ́ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Ṣáínà lọ èèyàn, iye owó oṣù ni ojú kọ́kọ́ máa ń lọ bá. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ ní Shanghai tàbí Beijing ṣì lè rí i gbé gbà: bí ilé-ìwé kan kò bá dára, òmíràn wà ní òpópónà kejì. Ìlú kékeré kò rí bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, ilé-ìwé tó gbà yín ló di ìwé ìgbélùú yín mú, òun ló ni fúláàtì tí ẹ ń sùn, òun ló ń san owó yín, òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló sì máa ń tẹ̀ lé yín lọ sí báńkì àti ọsibítù. Ọjọ́ tí ẹ̀yin àti wọn bá jà, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á bọ́ lọ́wọ́ yín lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi owó oṣù sílẹ̀ ná. Ẹ kọ́kọ́ wádìí ẹni tó fẹ́ gbà yín síṣẹ́, irú ìwé tó lágbára láti gbà fún yín, àti bí ẹ ṣe máa kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ bí ó bá di dandan.

Kí ọ̀rọ̀ "ìlú kékeré" má sì tàn yín jẹ. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2020, Linyi ní ìpínlẹ̀ Shandong àti àwọn ìgbèríko abẹ́ rẹ̀ ní èèyàn tó ju mílíọ̀nù 11 lọ. Kékeré níbẹ̀ túmọ̀ sí pé àjèjì kò pọ̀: ní Yueyang (Hunan), Jiujiang (Jiangxi) tàbí Zunyi (Guizhou), ẹ lè lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko láìrí ẹni tó máa bá yín sọ Gẹ̀ẹ́sì lójú pópó, òṣìṣẹ́ báńkì sì lè má tíì fọwọ́ kan pásípọ́ọ̀tù àjèjì rí.

Pásípọ́ọ̀tù ló ń ṣáájú

Òfin iṣẹ́ àjèjì ní Ṣáínà ní kí olùkọ́ èdè jẹ́ ẹni tó ń fi èdè abínibí rẹ̀ kọ́ni. Fún Gẹ̀ẹ́sì, orílẹ̀-èdè méje ni wọ́n máa ń kà: Amẹ́ríkà, Brítéènì, Kánádà, Ọsirélíà, New Zealand, Ireland àti Gúúsù Áfíríkà. Nàìjíríà kò sí nínú wọn. Ó dunni, torí Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ wa fi kàwé láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì, àmọ́ òṣìṣẹ́ tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kò ní béèrè ìyẹn. Ojú ìwé pásípọ́ọ̀tù ló ń wò.

Ọmọ Yorùbá tó bá ní pásípọ́ọ̀tù Brítéènì, Amẹ́ríkà tàbí Kánádà wà lójú ọ̀nà tó tẹ́jú. Ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni dìgírì àkọ́kọ́ ó kéré tán, ìwé ọlọ́pàá pé kò lẹ́bi ọ̀ràn kankan, ìlera tó dára, àti ìrírí ọdún 2 nínú kíkọ́ni ní èdè. Ẹni tí dìgírì rẹ̀ jẹ́ ti ẹ̀kọ́ nípa èdè tàbí ti iṣẹ́ olùkọ́, tàbí tó ní ìwé àṣẹ olùkọ́ tàbí sátífíkéètì TEFL (ìwé ẹ̀rí kíkọ́ àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn) tí wọ́n fọwọ́ sí, wọ́n máa ń yọ̀ǹda ọdún 2 náà fún un. TEFL tó ní wákàtí 120 ni kí ẹ ṣe. Èyí tó bá dín sí i, ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì kì í gbà á.

Fún ẹni tó ní pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà nìkan, ọ̀nà kan mọ́ ju ìyókù lọ: kí ilé-ìwé tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ìṣirò, físíìsì, bàọ́lọ́jì tàbí kọ̀ǹpútà gbà yín gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ẹ̀kọ́ náà. Níbẹ̀, dìgírì nínú ẹ̀kọ́ ọ̀hún àti ìrírí ọdún 2 lẹ́yìn dìgírì ni wọ́n ń wò. Ọ̀rọ̀ èdè abínibí kò kàn yín. Àwọn ilé-ìwé gíríámà kan ní ìlú kéékèèké ní ẹ̀ka báyìí fún àwọn ọmọ tó fẹ́ lọ kàwé lókè òkun. Bí ó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì gan-an ni wọ́n ní kí ẹ wá kọ́, ẹ má gba "a máa ṣe é, ẹ fọkàn balẹ̀" lẹ́nu ejẹ́ǹtì kankan. Ẹ̀rí kan ṣoṣo ló wà, ìyẹn ìwé ìfitónilétí ìjọba tí a máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀, tí orúkọ yín àti iṣẹ́ yín wà lórí rẹ̀. Kí ìwé yẹn tó dé, ẹ má fi iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe sílẹ̀, ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ má sì san owó fún ẹnikẹ́ni.

Físà Z, kì í ṣe òmíràn

Bí ó ṣe ń lọ nìyí. Ilé-ìwé á kó ìwé yín sórí ìkànnì ìjọba. Ìjọba á fún wọn ní ìwé ìfitónilétí àṣẹ iṣẹ́ àjèjì, tí wọ́n ń pè ní 外国人工作许可通知. Ẹ ó mú un lọ gba físà Z, ìyẹn físà iṣẹ́, ní orílẹ̀-èdè tí ẹ wà. Ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ni físà Z. Nígbà tí ẹ bá dé, ọjọ́ 15 ni ilé-ìwé ní láti fi béèrè àṣẹ iṣẹ́ yín, ọjọ́ 30 sì ni ẹ ní láti fi béèrè ìwé ìgbélùú lọ́dọ̀ ọlọ́pàá.

Ejẹ́ǹtì tó bá ní kí ẹ fi físà ìbẹ̀wò (L), ti òwò (M) tàbí ti akẹ́kọ̀ọ́ (X) wọlé, pé àwọn á pààrọ̀ rẹ̀ bí ẹ bá ti dé, ẹ dá ọ̀rọ̀ dúró níbẹ̀. Òfin Ṣáínà lórí ìwọlé àti ìjáde, ní àpilẹ̀kọ 80, ní kí ẹni tó ṣiṣẹ́ láìní àṣẹ san 5,000 sí 20,000 yuan (owó Ṣáínà). Bí ọ̀ràn náà bá wúwo, wọ́n lè fi àtìmọ́lé ọjọ́ 5 sí 15 kún un, wọ́n sì lè dá a padà sílé. Ilé-ìwé tó gbà á á san 10,000 yuan lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, kò sì ní ju 100,000 lọ lápapọ̀. Ẹ fi méjèèjì wéra. Owó tí ilé-ìwé lè rí padà láàárín oṣù kan ni tiwọn. Ìlẹ̀kùn ilẹ̀ náà ló lè tì mọ́ yín lójú.

Nígbà tí ìwé ìfitónilétí bá dé, ibi mẹ́ta ni kí ẹ kà dáadáa. Àkọ́kọ́ ni orúkọ ilé-iṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ kọ́ńpìnnì kan ní Beijing, tí ilé-ìwé tí ẹ ń lọ sì wà ní Henan, ẹni tí kò sí lórí ìwé lẹ ń lọ ṣiṣẹ́ fún, ọ̀rọ̀ 5,000 sí 20,000 tún ti dé nìyẹn. Èyí wọ́pọ̀ gan-an ní ìlú kéékèèké, torí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ibẹ̀ kò tíì gba àṣẹ láti gba àjèjì. Ejẹ́ǹtì ló ń yá wọn ní ìwé tirẹ̀. Èkejì ni orúkọ iṣẹ́. Bí wọ́n bá kọ alábòójútó ọjà síbẹ̀, tó sì jẹ́ pé kíláàsì lẹ máa wọ̀, irọ́ ni, ẹ̀yin sì ni ọlọ́pàá máa bá nínú kíláàsì. Ẹ̀kẹta ni ọjọ́ tí àṣẹ náà parí: ẹ rí i pé ó bá ọjọ́ inú ìwé àdéhùn mu.

Òǹtẹ̀ pupa

Ní Ṣáínà, òǹtẹ̀ ló ń sọ ìwé di ìwé, ju ìfọwọ́síwèé ọ̀gá lọ. Òǹtẹ̀ ilé-iṣẹ́, 公章, jẹ́ róbótó pupa, ìràwọ̀ onígun márùn-ún wà láàárín rẹ̀, orúkọ ilé-iṣẹ́ ní kíkún sì tẹ̀ kọrọdọ yí apá òkè rẹ̀ ká. Ìwé àdéhùn tí ọ̀gá kan fọwọ́ sí láìsí òǹtẹ̀ yìí, ẹ kà á sí ìwé lásán.

Ẹ béèrè fọ́tò ìwé àṣẹ òwò wọn, 营业执照. Bí ó bá jẹ́ ilé-ìwé ìjọba, tirẹ̀ ni 事业单位法人证书. Bí ó bá jẹ́ ilé-ìwé aládàáni, ẹ tún béèrè ìwé àṣẹ ìdásílẹ̀ ilé-ìwé, 办学许可证. Àmì 18 wà lórí ìwé àṣẹ òwò, nọ́ńbà àti lẹ́tà pọ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí gsxt.gov.cn, ọ̀fẹ́ ni. Bí ìkànnì náà kò bá ṣí láti ibi tí ẹ wà, kí ẹnì kan tó wà ní Ṣáínà bá yín wò ó. Ẹ wo ọdún tí wọ́n dá a sílẹ̀, bóyá ìjọba ti kọ orúkọ rẹ̀ sára àwọn tó ṣẹ̀ sófin, àti irú iṣẹ́ tí wọ́n fún un láṣẹ láti ṣe. Kọ́ńpìnnì tí àṣẹ rẹ̀ kò kọjá ìgbaninímọ̀ràn kò lẹ́tọ̀ọ́ láti kó ọmọ jọ sínú kíláàsì. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé fọ́tò òǹtẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ìwé àṣẹ, kí ẹ fi orúkọ méjèèjì wéra, lẹ́tà sí lẹ́tà. Ẹ kò nílò láti gbọ́ èdè wọn. Ojú nìkan tó. Bí lẹ́tà kan bá yàtọ̀, ẹ béèrè ìdí.

Ti àwọn ilé ẹ̀kọ́ àfikún, tí ọmọ ń lọ lẹ́yìn ilé-ìwé, gba ìṣọ́ra púpọ̀. Láti oṣù keje ọdún 2021, ìjọba Ṣáínà ti fi òfin de irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti gíríámà kékeré: wọn kò gbọ́dọ̀ jèrè lórí ẹ̀kọ́ tí ilé-ìwé ń kọ́, Gẹ̀ẹ́sì sì wà lára rẹ̀, wọn kò gbọ́dọ̀ kọ́ ọ ní òpin ọ̀sẹ̀, ní ọjọ́ ìsinmi ìjọba tàbí nígbà ọlidé, kíláàsì ojúkojú kò sì gbọ́dọ̀ kọjá agogo 8:30 alẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn ti kógbá wọlé. Ìyókù ń pe ara wọn ní ilé eré orí ìtàgé, ilé àṣà tàbí ilé ọgbọ́n ọwọ́. Bí àkókò iṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín bá kún fún Sátidé àti Sọ́ńdè pẹ̀lú àwọn ọmọ ọdún 8 sí 14, ẹ béèrè tààrà: ẹ̀kọ́ wo ni ìjọba mọ̀ pé ẹ ń kọ́? Ọjọ́ tí àwọn olùbẹ̀wò bá ti ilẹ̀kùn pa, ọjọ́ náà ni owó oṣù dúró. Ilé-ìwé ìjọba ń san owó tó kéré, àmọ́ kì í pa rẹ́ lóru.

Owó oṣù, lẹ́yìn tí oníkálukú ti mú tirẹ̀

Ẹ wá ọ̀rọ̀ méjì nínú ìwé àdéhùn: 税前 àti 税后. Èkíní ni owó kí wọ́n tó yọ owó orí. Èkejì ni ohun tó kù lẹ́yìn rẹ̀. Bí èdè Gẹ̀ẹ́sì bá sọ pé ẹ máa "gba" 13,000, tí Ṣáínà sì kọ 税前, 13,000 kò ní wọ àpò yín.

Ìṣirò owó orí kò le. 5,000 yuan àkọ́kọ́ lóṣù kò ní owó orí. Nínú ìyókù, 36,000 àkọ́kọ́ lọ́dún ń san ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún, láti ibẹ̀ dé 144,000 ń san ìdá 10, láti ibẹ̀ dé 300,000 ń san ìdá 20. Wọ́n ń ro ó jọ láti oṣù kìíní ọdún ni, nítorí náà ó máa ń kéré níbẹ̀rẹ̀, á sì fò sókè láàárín ọdún: lórí 13,000, 240 yuan ni wọ́n á yọ lóṣù kìíní títí dé ìkẹrin, tó bá fi máa di oṣù kẹfà, ó ti di 800. Ẹ má torí ìyẹn fẹ̀sùn olè kan ilé-ìwé.

Ó wá ku kí a gbé iṣẹ́ méjì sórí ìwọ̀n, láìtíì ka owó ìfẹ̀yìntì àti ìlera. Ká ní ilé-ìwé kan ní Shanghai fẹ́ san 20,000 yuan láìsí ilé, tí òmíràn ní Yueyang sì fẹ́ san 13,000 pẹ̀lú fúláàtì. Owó orí ti Shanghai jẹ́ 19,080 lọ́dún, ìyẹn 1,590 lóṣù. Bí ẹ bá san 6,000 fún ilé, ó ku 12,410. Owó orí ti Yueyang jẹ́ 7,080 lọ́dún, ìyẹn 590 lóṣù. Ó ku 12,410. Yuan kan kò fi ju yuan kan lọ. Oúnjẹ Yueyang á wá dín owó, bẹ́ẹ̀ ni takisí àti ilé onírun. Bí fúláàtì bá kúrò nínú ìwé Yueyang, tàbí tí 13,000 bá di 9,000, Shanghai ti borí nìyẹn, torí níbẹ̀ ẹ ó ní owó, ẹ ó tún ní ibòmíràn láti yà sí.

Iye oṣù tí wọ́n ń sanwó ṣe pàtàkì ju bí ojú ṣe ń rò ó lọ. 12,000 fún oṣù 10 àti 10,000 fún oṣù 12 jẹ́ 120,000 bákan náà, ṣùgbọ́n ẹni oṣù 10 á jẹun, á sì san iná ní oṣù keje àti ìkẹjọ láìsí owó tó ń wọlé. Bí àdéhùn bá parí ní òpin oṣù kẹfà, ìwé ìgbélùú náà lè parí pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ di ẹni tó ń sáré jáde ní ilẹ̀ náà. Ẹ béèrè fún oṣù 12.

Owó ìfẹ̀yìntì àti ìlera ti ìjọba ti kan àjèjì láti oṣù kẹwàá ọdún 2011. Tiyín á jẹ́ ìdá 8 fún ìfẹ̀yìntì, ìdá 2 fún ìlera, àti díẹ̀ fún àìríṣẹ́ṣe, lórí iye tí ilé-ìwé bá fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ẹ lè gba ti ìfẹ̀yìntì tí ẹ san padà bí ẹ bá ń lọ pátápátá. Ẹ tọ́jú káàdì àti rìsíìtì.

Àrékérekè kan wà tó máa ń dùn létí: "A ó kọ 5,000 sínú ìwé, a ó fi 8,000 ránṣẹ́ sí yín lórí WeChat, kí ẹ má san owó orí." (WeChat ni áàpù tí wọ́n fi ń ránṣẹ́, tí wọ́n sì fi ń sanwó níbẹ̀.) Báńkì tó máa bá yín fi owó ránṣẹ́ sílé á béèrè ìwé àdéhùn, ìwé ìgbélùú àti ẹ̀rí owó orí, iye tó bá ti san owó orí nìkan ló sì máa jẹ́ kó jáde. 8,000 tó kù á há sí Ṣáínà. Ọjọ́ tí ìjà bá dé, ọ́fíìsì iṣẹ́ á sọ pé 5,000 lowó oṣù yín.

Ẹ mú owó lọ́wọ́ lọ. Ẹni tó dé ní ogúnjọ́ oṣù kẹjọ, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹsàn-án, tí ilé-ìwé rẹ̀ sì ń sanwó ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù tó tẹ̀ lé e, ọ̀sẹ̀ 8 ló máa lò kó tó rí yuan kan. Bí wọ́n bá ní owó ilé làwọn máa fún yín dípò fúláàtì, ó tún le sí i, torí onílé máa ń gba oṣù mẹ́ta àti owó ìdúró oṣù kan papọ̀, tí wọ́n ń pè ní 押一付三. Yàrá 1,500 yuan á gba 6,000 lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ kìíní.

Ohun tó ń pamọ́ sínú ìwé àdéhùn

Bí Ṣáínà àti Gẹ̀ẹ́sì bá ta ko ara wọn, ti Ṣáínà ló máa ń lékè, ọ̀pọ̀ àdéhùn sì sọ bẹ́ẹ̀ ní gbangba. Ẹ san owó fún ẹni tó gbọ́ èdè náà, tí kì í ṣe ejẹ́ǹtì, kó ka méjèèjì papọ̀. Ẹ ní kó kọ́kọ́ wo gbogbo nọ́ńbà: owó, wákàtí, ọjọ́ ìsinmi, owó ìtanràn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń yàtọ̀.

Wákàtí: ẹ wá 课时, ìyẹn àkókò kíláàsì kan, tó máa ń jẹ́ ìṣẹ́jú 40 tàbí 45. Kíláàsì 25 tó jẹ́ ìṣẹ́jú 40 jẹ́ wákàtí 16 àti ìṣẹ́jú 40. Bí wọ́n bá kọ "wákàtí 25", kíláàsì 37 àtààbọ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ ilọ́po kan àtààbọ̀ ni lórí owó kan náà. Ẹ tún béèrè bóyá ẹ máa jókòó sí ọ́fíìsì láàárín kíláàsì, àti bóyá wọ́n á rán yín lọ sí ẹ̀ka mìíràn. Wákàtí kan nínú bọ́ọ̀sì ni lílọ, wákàtí kan ni bíbọ̀, kò sì sí ẹni tó ń san ìyẹn àyàfi bí ẹ bá kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ilé-ìwé ìjọba, ọmọ 50 nínú kíláàsì kan kì í ṣe nǹkan tuntun. Bí ẹ bá ń wọ kíláàsì 20 lọ́sẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, ọmọ 1,000 ni. Ẹ kò ní mọ orúkọ wọn, ẹ kò sì ní lè ka ìwé wọn. Ẹni tó fẹ́ràn kí ó rí ọmọ kan dàgbà nínú èdè, kó béèrè fún kíláàsì díẹ̀ tó ń rí lẹ́ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀.

Àkókò ìdánwò: òfin àdéhùn iṣẹ́ Ṣáínà kò fàyè gba ju oṣù 2 lọ fún àdéhùn ọdún kan sí ọdún tí kò tó 3, bí kò bá sì pé ọdún kan, oṣù kan ni. Owó àkókò náà kò gbọ́dọ̀ dín sí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ẹ jọ fohùn sí. Nítorí náà, ìdánwò oṣù 3 lórí àdéhùn ọdún kan ti kọjá òfin. Òfin kan náà, ní àpilẹ̀kọ 9, kò jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ gba ìwé ìdánimọ̀ òṣìṣẹ́ tàbí owó ìdúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé-ìwé tó bá ní àwọn á di owó oṣù àkọ́kọ́ mú "kí ẹ má baà sá", tàbí pé kí pásípọ́ọ̀tù yín máa gbé lọ́dọ̀ ọ̀gá, ẹ ti mọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Ọlọ́pàá lè gba pásípọ́ọ̀tù nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ìwé ìgbélùú, àmọ́ wọ́n á fún yín ní ìwé ìgbà tí fọ́tò yín wà lórí rẹ̀.

Ìjáde ni kí ẹ fi àkókò wò jù lọ. Òfin fún òṣìṣẹ́ láyè láti kúrò bí ó bá fi ìwé sọ ọ́ ní ọjọ́ 30 ṣáájú, ṣùgbọ́n fún àjèjì, ohun tó wà nínú àdéhùn ni ilé ẹjọ́ àwọn ìlú kan ń tẹ̀ lé. Nítorí náà, ẹ rí i pé ọjọ́ 30 náà wà nínú àdéhùn, ní èdè Ṣáínà. Ẹ wo owó ìtanràn. Bí ó bá ju owó oṣù kan lọ, ẹ ní kí wọ́n dín in, kó sì jẹ́ iye kan náà fún wọn bí àwọn bá lé yín. Ẹ wá jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á fún yín ní 离职证明, ẹ̀rí pé ẹ ti kúrò níṣẹ́, wọ́n á sì fagi lé àṣẹ iṣẹ́ yín láàárín ọjọ́ 10. Láìsí ìwé méjèèjì, ilé-ìwé mìíràn kò lè gbà yín, ilé-ìwé tó bínú sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ tí kò béèrè ìwé yìí kó tó tọwọ́ bọ̀wé lè pa dà sílé láìfẹ́.

Fúláàtì àti òtútù

Ẹ má gba fọ́tò. Ẹ ní kí ẹnì kan gbé fóònù rìn láti ẹnu ọ̀nà ìta wọ inú ilé, kó ya fídíò láìdánu dúró. Kó tan iná. Kó ṣí ẹ̀rọ omi gbígbóná, kó na ọwọ́ sábẹ́ rẹ̀ títí oorú á fi máa gòkè. Kó tẹ bẹ́ẹ̀dì mọ́lẹ̀, kó ṣí fèrèsé kó sì tì í, kó yà wá sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, torí èyí tí èèyàn ń lóṣòó sí wọ́pọ̀. Bí wọ́n bá ní fúláàtì kò tíì sí, ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé òtẹ́ẹ̀lì wà lọ́rùn wọn títí di ọjọ́ tó máa wà.

Òkè Qinling àti odò Huai pín Ṣáínà sí méjì ní ti òtútù. Ní àríwá wọn, ìjọba ń fi omi gbígbóná sínú páìpù ọ̀pọ̀ ilé ìgboro, ní ọ̀pọ̀ ìlú láti àárín oṣù kọkànlá dé àárín oṣù kẹta. Ní gúúsù, kò sí. Yueyang, Jiujiang àti Zunyi wà ní gúúsù. Èèyàn máa ń rò pé gúúsù á móoru, kó má mú kóòtù lọ. Oṣù kìíní á dé, òtútù tútù tó dàpọ̀ mọ́ ọ̀rinrin á wọ inú yàrá, kíláàsì á ṣí fèrèsé sílẹ̀, àwọn ọmọ á wọ kóòtù kọ̀wé. Éésì tó ń fẹ́ ooru ni ìgbàlà, iná rẹ̀ sì ń jẹ owó. Ẹ béèrè ẹni tó ń san iná, àti iye tí kò gbọ́dọ̀ kọjá. Ní àríwá, ẹ béèrè ẹni tó ń san owó ooru páìpù.

Ẹ bá olùkọ́ tó wà níbẹ̀ sọ̀rọ̀

Ẹ ní kí ilé-ìwé so yín pọ̀ mọ́ àjèjì tó ń kọ́ni níbẹ̀, dáadáa jù lọ ni ẹni tó ń lọ. Bí ẹ bá bi í pé "ṣé ibẹ̀ dára?", á ní ó dára. Ẹ bi í ní ohun tó ní ọjọ́ àti iye: ọjọ́ wo ni owó oṣù tó kọjá wọlé? Kíláàsì mélòó lẹ ní lọ́sẹ̀ tó kọjá? Ta ló bá yín lọ sí ọsibítù? Ṣé wọ́n san owó ọkọ̀ òfuurufú tí wọ́n ṣèlérí, nígbà wo? Ilé-ìwé tó bá kọ̀ láti jẹ́ kí ẹ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, èsì nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá ilé-ìwé fúnra rẹ̀ rí ojú yín lórí fídíò, kì í ṣe ejẹ́ǹtì nìkan, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìwé kankan. Àwọn òbí kan níbẹ̀ ṣì gbà pé aláwọ̀ funfun nìkan ló ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ejẹ́ǹtì sì lè fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ títí ẹ ó fi dé. Ó burú kí wọ́n kọ̀ yín nígbà tí ẹ ṣì wà nílé. Ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ ti gúnlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú àpótí méjì.

Ìwé, kí ẹ tó gbéra

Láti ọjọ́ keje oṣù kọkànlá ọdún 2023, Ṣáínà ti ń gba apostille, ìyẹn ìwé ìjẹ́rìí tí àwọn orílẹ̀-èdè inú ètò náà ń gbà lọ́wọ́ ara wọn. Ẹni tó wà ní Brítéènì á gba ìwé ọlọ́pàá ACRO, á fi òun àti dìgírì gba apostille. Ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà á gba ti FBI, apostille rẹ̀ á wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀, ti dìgírì láti ọ̀dọ̀ ìpínlẹ̀ tó ti kàwé. Nàìjíríà kò sí nínú ètò apostille, nítorí náà dìgírì yín á gba iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ kọjá, ìwé ọlọ́pàá á wá láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá àpapọ̀, méjèèjì á dé iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, kí wọ́n tó lọ sí ilé aṣojú Ṣáínà ní Èkó tàbí Àbújá. Kí orúkọ yín rí bákan náà lórí gbogbo wọn. "Olúwaṣeun" níhìn-ín àti "Seun" lọ́hùn-ún á dá ìwé padà.

Ẹ fi WeChat àti Alipay (áàpù ìsanwó) sórí fóònù kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, kí ará ilé náà ṣe WeChat, torí WhatsApp, Facebook àti Google kì í ṣí níbẹ̀. Ẹ kọ 12367 sílẹ̀, ìlà ọ̀rọ̀ ìwọlé àti ìjáde tó ń dáhùn ní Gẹ̀ẹ́sì, àti 12333, ìlà ọ̀rọ̀ iṣẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá dé, bí ẹ kò bá sùn ní òtẹ́ẹ̀lì, ẹ ní kí òṣìṣẹ́ ilé-ìwé mú yín lọ sí tésàn ọlọ́pàá àdúgbò pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù àti àdírẹ́sì ilé. Wákàtí 24 péré ni òfin fún yín láti fi orúkọ sílẹ̀. Wọ́n á fún yín ní bébà kan. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, torí ọ́fíìsì tó ń ṣe ìwé ìgbélùú máa béèrè fún un.